Sanders, Magole àti Ọ̀ṣẹ́túrá: Ojú Tí Sinimá Òyìnbó Fi Wo Aláwọ̀ Dúdú, àti Èsì Tí Àwọn Ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Fún Un

Nínú àwọn fíìmù tí òyìnbó ṣe nípa ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà ìjọba amúnisìn, kò sí èyí tó lókìkí tó Sanders of the River. Iléeṣẹ́ London Films ti Alexander Korda ló gbé e jáde ní 1935. Zoltan Korda, àbúrò rẹ̀, ló darí rẹ̀. Inú àwọn ìtàn tí Edgar Wallace bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní ìwé ní 1911 ni wọ́n ti fa á yọ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni àkọlé kan ti jáde lójú aṣọ funfun. Ó ń sọ fún òǹwòran pé ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Áfíríkà ló wà lábẹ́ àbò òyìnbó bíi mélòó kan, pé iṣẹ́ akin ni àwọn òyìnbó náà ń ṣe lójoojúmọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń kì wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni Sanders, ajẹ́lẹ̀ tó ń ṣàkóso ìlú tó wà létí odò kan ní Nàìjíríà. Leslie Banks ló ṣe Sanders.

Ìtàn inú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ lọ gbé ìyàwó nílé. Kó tó lọ, ó pe àwọn ọba jọ, ó sì pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n máa gbọ́ràn sí Ferguson, ẹni tí yóò dúró dè é, bí ọmọ ṣe ń gbọ́ràn sí bàbá tó bí i. Àwọn ọba gbà. Kò pẹ́ tó gbéra tí àwọn oníṣòwò ìbọn àti ọtí fi gbé e káàkiri pé Sandi, bí wọ́n ṣe ń pe Sanders, ti kú, pé òfin ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Kíá ni ìlù ogun bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọba burúkú kan tó ń jẹ́ Mofalaba pa Ferguson. Sanders gbọ́, ó yíjú padà, ó gbé ọkọ̀ ojú omi àti ìbọn arọ̀jò-ọta wá, ó tẹ ogun náà rì, ó sì fi Bosambo jọba. Bosambo yìí, ọ̀daràn tó sá kúrò lẹ́wọ̀n ní Làìbéríà ni tẹ́lẹ̀. Oore ajẹ́lẹ̀ ló sọ ọ́ dèèyàn. Bí ìyá tó lọ ọjà tó bá àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń jà nílé, bẹ́ẹ̀ ni fíìmù náà ṣe fi Sanders hàn láàárín àwọn arúgbó tó dé adé.

Síbẹ̀ àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, ìdí sì wà fún un. Paul Robeson, ọmọ ẹrú tó di ògbóǹtarìgì olórin ní Amẹ́ríkà, ló ṣe Bosambo. Nina Mae McKinney ló ṣe ìyàwó rẹ̀. Ohùn Robeson nínú ọkọ̀ ojú omi, tí àwọn atukọ̀ ń gbè é lẹ́yìn, ṣì ń mú orí ẹni wú dòní. Zoltan Korda ti lo ọ̀pọ̀ oṣù ní Áfíríkà, ó gba àwòrán ijó, ìlù àti eré ọkọ̀ gidi níbẹ̀. Ìyókù, Shepperton lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́ abúlé ayédèrú sí, tí wọ́n fi àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún inú rẹ̀. Jomo Kenyatta, tó padà di olórí ilẹ̀ Kẹ́ńyà, wà lára àwọn tó gbé ọ̀kọ̀ dúró lẹ́yìn. Robeson rò pé fíìmù náà yóò gbé àṣà Áfíríkà ga. Nígbà tó rí bí wọ́n ṣe to gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, ó kọ̀ ọ́ ní gbangba, ó sì ń bínú sí i títí. Ohùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àbùkù inú rẹ̀ rọ̀ wọ etí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irọ́ inú fíìmù náà ṣe tó kó kàn wo ohun tó ń lọ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ láàárín ọdún mélòó kan náà. Láti 1894 ni Rẹ́mọ ti tọwọ́ bọ ìwé àbò pẹ̀lú ìjọba Èkó. Nígbà tó yá, ìjọba kan náà fi wọ́n sábẹ́ Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, inú wọn kò sì dùn sí i. Akarìgbò Ṣágámù, Ọba Christopher William Adédoyin, tó gorí oyè ní 1916, kò lu ìlù ogun. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kọ, agbẹjọ́rò ni wọ́n gbà, ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn àgbà ni wọ́n kó lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1937. Awùjalẹ̀ náà kò dákẹ́. Ó kó ìtàn tirẹ̀ wá. Ní 1938 ni Rẹ́mọ gba ìṣàkóso ara wọn. Awuyewuye òṣèlú tó jinlẹ̀ ni, tí tọ̀tún tòsì mọ òfin òyìnbó dáadáa tí wọ́n sì fi ń bá òyìnbó jà. Nínú ayé Sanders, kò sí àyè fún irú ọba bẹ́ẹ̀.

Kò sí àyè fún oníṣòwò náà. Ní Ṣágámù, obì ni wọ́n fi ń ṣọrọ̀. Àwọn Haúsá tó tẹ̀dó sí Sábo ń rà á, wọ́n ń dì í sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewé tútù kó má baà gbẹ, ó ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kánò àti ibi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí wọ́n bí ní 1909, ti ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn, ó ń ra irè oko, ó ń fi mọ́tò ṣòwò, ó sì di akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò irè oko àti ti àwọn ọlọ́kọ̀. Àwọn oníṣòwò tó wà nínú Sanders of the River kò ju àwọn tó ń ta ìbọn àti ọtí lọ, aláwọ̀ funfun sì ni wọ́n. Aláwọ̀ dúdú inú rẹ̀ kì í ra, kì í tà. Ijó ló ń jó, ogun ló ń jà, ajẹ́lẹ̀ ló ń dúró dè.

Sinimá fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Èkó nígbà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han ará ìlú ní Glover Memorial Hall; iléeṣẹ́ Balboa láti ilẹ̀ Spéènì ló gbé e wá, Herbert Macaulay sì lọ́wọ́ nínú bó ṣe dé. Ìlú eré ni sinimá bá. Kí ó tó dé ni àwọn alárìnjó ti ń kó eégún apidán kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí eégún kan á wọlé bí erè, á jáde bí ọ̀nì, kí ojú tó ṣẹ́. Wọ́n ní eégún Òyìnbó pẹ̀lú: imú gígùn, irun jọ̀gbọ̀lọ̀, ìwé lọ́wọ́, tí ó ń bọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ tí ó sì ń jó bí ẹni tí egungun rẹ̀ ti gan. Wọ́n ní ti Tápà, wọ́n ní ti Gàmbàrí. Fífi ẹ̀yà ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe òyìnbó ló mú un wá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé eégún Òyìnbó kò lè gba owó orí lọ́wọ́ òyìnbó kankan, kò sì lè rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n. Àwọn tó ń ṣe Sanders ní ìjọba lẹ́yìn.

Ìjọba náà kò fi sinimá sílẹ̀ fún oníṣòwò nìkan. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn eku ní Èkó ni William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù kọ́ ará ìlú nípa ìmọ́tótó. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939, wọ́n dá iléeṣẹ́ fíìmù fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Sellers sì di ọ̀gá ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni mọ́tò sinimá ti ń ya ìlú kéékèèké. Á dé ní ìrọ̀lẹ́, wọn á ta aṣọ funfun, ẹ̀rọ iná á máa dún gbùrùgbùrù lẹ́yìn ọkọ̀, ògbufọ̀ á gbé gbohùngbohùn dání, á máa fi èdè ìlú ṣàlàyé ohun tó ń lọ. Ọ̀fẹ́ ni, tọmọdé tàgbà ló ń jáde. Eku, ẹ̀fọn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, oko kòkó, àti ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wò.

Sellers ní ìlànà kan tó gbàgbọ́ gidigidi. Ó ní ojú ọmọ Áfíríkà kò tíì mọ àwòrán kà, nítorí náà kí wọ́n má ṣe gé fíìmù láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn lójijì, kí wọ́n má lo ọgbọ́n àwòrán kankan, kí gbogbo nǹkan máa lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní 1941 ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ tí àkọlé rẹ̀ pe àwọn òǹwòran náà ní aláìlajú. Àwọn tó ń wo apidán tó ń di erè lójú agbo ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ̀tanú yìí burú ju ti Sanders lọ, nítorí kò ní orin. Kò sí nínú ìtàn tí fíìmù ń sọ. Inú ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù ló wà, ó sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà rí bí ẹ̀kọ́ fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Iléeṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 1955.

Ohun tí àwọn kan ń sọ lóde òní, pé ẹ̀dùn tí àwọn èèyàn ní sí fíìmù àtijọ́ jẹ́ àṣà tuntun tó ti Amẹ́ríkà wá, kò bá ìtàn ilẹ̀ yìí mu. Ìgbà tí àwọn fíìmù náà ṣì gbóná ni àríwísí ti bẹ̀rẹ̀. Nnamdi Azikiwe bu ẹnu àtẹ́ lu Sanders of the River ní kété tó jáde: ó ní àṣejù ni bó ṣe fi ìgbàgbọ́ nínú oògùn àti ìwà ọ̀dàlẹ̀ àwọn ọba hàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a mọ̀ sí WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólánkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn ní 1925, kò dúró kí fíìmù kejì jáde rárá kí wọ́n tó figbe ta. Ní 1943 ni wọ́n gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé eré tí wọ́n fẹ́ fi ṣe Men of Two Worlds, wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀hónú sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ amúnisìn. Ìjọba gan-an ló ń ti fíìmù náà lẹ́yìn.

Thorold Dickinson ló darí Men of Two Worlds, ó sì jáde ní 1946. Ìtàn Kisenga ni, olórin dúdú tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Yúróòpù, tó wá padà sí Tanganyika láti bá ajẹ́lẹ̀ kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò níbi tí àrùn oorun ti ń pa wọ́n. Magole, oníṣègùn abúlé, kọ̀. Ó ní Kisenga yóò kú, Kisenga sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lóòótọ́, nítorí ẹ̀rù abúlé kò tíì kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ òyìnbó. Ìbínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yé èèyàn. Lójú fíìmù náà, kò sí oníṣègùn tó ń wo èèyàn sàn. Ẹlẹ́tàn ni gbogbo wọn, tí ilé ìwòsàn òyìnbó sì jẹ́ ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo. Lóòótọ́, ó sàn ju Sanders lọ: aláwọ̀ dúdú ni ojú ìtàn ń tẹ̀ lé, ó sì ní làákàyè. Ìyẹn kò tó láti pa ẹnu WASU mọ́.

Robert Adams, ọmọ Guyana, ló ṣe Kisenga. Ẹni tó ṣe Magole, ọmọ Èkó ni: Orlando Martins, tí wọ́n bí ní 1899 sínú ìdílé Àgùdà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣiṣẹ́ alágbàrù lọ́jà ẹja Billingsgate, ó bá àwọn onísàkọ́ọ̀sì gbé ejò sọ́rùn, ó dúró bí èrò ẹ̀yìn nínú eré orí ìtàgé kó tó di òṣèré tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ó wà nínú Sanders of the River, ó wà nínú Song of Freedom ní 1936, ó sì ṣe Blossom nínú The Hasty Heart ní 1949: ọmọ Áfíríkà tó ń tọ́jú ọgbẹ́ nílé ìwòsàn ológun, tí kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin náà ga, ohùn rẹ̀ jìn, kò sì sí ipa tí wọ́n fún un tí kò fi iyì sí. Magole rẹ̀ ń bani lẹ́rù láìpariwo. Èyí ló sọ ọ̀rọ̀ àwọn fíìmù wọ̀nyí di ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbẹ̀rún ojú fún ará ilé. Ẹni tó bá ní kí wọ́n jó wọn níná, iṣẹ́ Martins ló fẹ́ jó, nítorí òyìnbó kò fi ipa mìíràn lọ̀ ọ́.

Ẹlòmíràn tún wà lẹ́yìn Men of Two Worlds tí orúkọ rẹ̀ yóò padà wá: Joyce Cary. Ó ti ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Àríwá Nàìjíríà kó tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1920, ó di òǹkọ̀wé, ó sì bá Dickinson lọ sí Tanganyika láti ràn án lọ́wọ́ lórí ìwé eré náà. Ní 1939 ó ti tẹ Mister Johnson jáde, ìtàn akọ̀wé ọ́fíìsì kan ní Fada. Johnson ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ná owó tí kò ní, ó ń jí owó ìjọba kí ajẹ́lẹ̀ Rudbeck lè rí ọ̀nà mọ́tò rẹ̀ là tán, ó sì pààyàn níkẹyìn. Ó bẹ Rudbeck kó má jẹ́ kí wọ́n so òun kọ́, kó yìnbọn fún òun fúnra rẹ̀; Rudbeck sì yìn ín. Àwọn alárìíwísí Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé náà gẹ̀gẹ̀. Ní 1952, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n fi kọ́ kíláàsì kan tí Chinua Achebe wà nínú rẹ̀. Achebe ṣàlàyé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ọmọ kíláàsì kan sọ fún olùkọ́ òyìnbó pé ibi kan ṣoṣo tó dùn mọ́ òun nínú ìwé náà ni ibi tí Rudbeck ti yìnbọn pa Johnson. Olùkọ́ bínú, àwọn ọmọ kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ara ohun tó ti Achebe dé ìdí Things Fall Apart ní 1958 nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo òǹwòran ló lè bínú bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Frantz Fanon, dókítà ọmọ Martinique, kọ ọ́ ní 1952 pé ọmọ dúdú tó ń wo Tarzan ní erékùṣù tirẹ̀ á máa gbè lẹ́yìn Tarzan, ẹ̀yìn òyìnbó ni á wà. Achebe sọ irú rẹ̀ nípa àwọn ìwé tó kà lọ́mọdé. Òtítọ́ tó korò lẹ́nu ni, ó sì ṣàlàyé ìdí tí àwọn fíìmù wọ̀nyí fi dùn ní gbọ̀ngàn sinimá Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí ẹ̀rọ bá dojú kọ ni ojú òǹwòran ń lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá kan pé ta ni yóò mú ẹ̀rọ náà dání, ilẹ̀ Rẹ́mọ kó ipa tó ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bú Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, lórí rédíò. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọ́n sì kọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn yóò ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ṣí n'Ìbàdàn, àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú. Ó yẹ kí a sọ pé eré ilẹ̀ òkèèrè ló kún inú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń rà á.

Ṣẹ́gun Olúṣọlá, ọmọ Ìperu-Rẹ́mọ tí wọ́n bí ní 1935, wà lára àwọn olóòtú tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1960 ló gbé My Father's Burden, eré tí Wọlé Ṣóyinká kọ, sórí amóhùnmáwòrán náà; bàbá Ṣóyinká, Ìsarà-Rẹ́mọ ló ti wá. Iṣẹ́ tí Olúṣọlá ṣe tó tún lókìkí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni The Village Headmaster, tó dé orí amóhùnmáwòrán Èkó ní 1968 tó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún. Abúlé kan ni, Ọjà lorúkọ rẹ̀. Ọba rẹ̀ ń pe ìgbìmọ̀, àwọn ìjòyè ń bá a jiyàn, Olóyè Eléyinmí tí Fúnṣọ́ Adéolú ṣe ń gbéra ga bó ṣe wù ú, ọ̀gá ilé ìwé ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ẹni tó ti wo Sanders rí, tó wá wo Kábíyèsí Ọjà níbi tó ti ń rọra yí ẹjọ́ sọ́tùn-ún sósì kó má baà ṣẹ ẹnikẹ́ni, yóò mọ̀ pé ẹni tó ti jókòó láàfin gidi ló kọ ọ́. Olúṣọlá padà di aṣojú Nàìjíríà ní Ẹtiópíà, ó sì kú ní 2012.

Ní 1970, iléeṣẹ́ Calpenny ti Francis Ọládélé ṣe Kongi's Harvest, eré Ṣóyinká. Ossie Davis láti Amẹ́ríkà ló darí rẹ̀, Ṣóyinká ṣe Kongi fúnra rẹ̀, Orlando Martins tó ti padà wálé sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọkùnrin tó ti ń ṣe ìránṣẹ́ àti oníṣègùn ayédèrú láti ogójì ọdún wá bá ara rẹ̀ nínú fíìmù tí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ kọ, tí kò sì sí ajẹ́lẹ̀ kankan níbẹ̀. Kò jọ pé fíìmù náà tẹ́ Ṣóyinká lọ́rùn. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Martins kú ní 1985.

Ẹni tó fún Magole lésì ní kíkún ni Hubert Ògúńdé, ọmọ Ọ̀sọ́sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1916. Ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀. Ó fi eré orí ìtàgé bá ìjọba amúnisìn jà: ìjọba fòfin de Strike and Hunger rẹ̀ ní Jos ní 1946. Nígbà tí òmìnira dé tán, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà fòfin de Yorùbá Ronú ní 1964. Ní 1979 ló bọ́ sínú fíìmù pẹ̀lú Ayé, tí Ọlá Balógun darí. Jáyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Àròpin ń Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988. Nínú Ayé àti Jáyésinmi, Ògúńdé ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá ẹgbẹ́ àjẹ́ jà kí ìlú lè rí oorun sùn. Ẹ wo bó ṣe dorí ọ̀rọ̀ kodò. Aṣọ tí Magole wọ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá wọ̀: oògùn lára, ọfọ̀ lẹ́nu, iná nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n ibi tí Magole ti jẹ́ ìdènà fún ìlera, Ọ̀ṣẹ́túrá ni dókítà. Ibi kì í ṣe àṣà inú fíìmù Ògúńdé. Ibi wà nínú àṣà, olùgbàlà náà sì wà nínú rẹ̀. Èrò máa ń kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà láti wò ó.

Àwọn kan ti sọ pé àwọn fíìmù wọ̀nyí gan-an ló ti òyìnbó lẹ́yìn, pé oṣó àti àjẹ́ ni Ògúńdé fi ń han ayé. Ẹ̀sùn náà kò dúró lórí Ògúńdé. Ó dúró lórí ohun tó tẹ̀ lé e. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 lọ, nínú fídíò àwọn ìjọ bíi Agbára Ńlá ti ẹgbẹ́ Mount Zion, babaláwo padà di ọ̀tá pátápátá, pásítọ̀ sì gba ipò tí dókítà òyìnbó wà nínú Men of Two Worlds. Magole ti wálé, ọmọ onílẹ̀ ló sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni mẹ́gáàdì ọmọ Haúsá tó ń fọ́ Yorùbá sí wẹ́wẹ́ kò ṣàì hàn nínú fíìmù Yorùbá, títí kan èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Ṣágámù, níbi tí Haúsá ti ń ṣòwò obì tí wọ́n sì ń sọ Yorùbá tó já geere kí baba ẹni tó ṣe fíìmù náà tó dáyé.

Ní nǹkan bí ọdún 1990, Bruce Beresford, ọmọ Ọsirélíà, wá fi Mister Johnson ṣe fíìmù. Agbègbè Toro ní Bauchi, nítòsí Jos, ni wọ́n ti yà á. Maynard Eziashi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe Johnson, Pierce Brosnan ṣe Rudbeck. Ògúńdé gba ipa Brimah, bàbá ìyàwó Johnson, tó ń yọwó orí ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń yọwó ẹran. Ẹni tí ìjọba òyìnbó fòfin de eré rẹ̀ ní Jos ló padà sí ẹ̀gbẹ́ Jos kan náà láti ṣe eré láti inú ìwé ajẹ́lẹ̀ àtijọ́. Ẹnu iṣẹ́ náà ni àìsàn ti kọ lù ú. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990, kò rí fíìmù náà. Eziashi gba ẹ̀bùn òṣèré tó dára jù ní Berlin ní 1991. Fíìmù náà ṣe Johnson jẹ́jẹ́ ju ìwé lọ: ó jẹ́ kí ìwà òpònú Rudbeck hàn dáadáa, ó sì jẹ́ kí ọgbọ́n Johnson hàn. Brimah ti Ògúńdé nìkan ni kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Nàìjíríà òde òní ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn, ti òfin. Nínú District 9 tí Neill Blomkamp gbé jáde ní 2009, àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Johannesburg jẹ́ ọmọọ̀ta, aṣẹ́wó àti ajẹ̀dá-òfuurufú, orúkọ olórí wọn sì jẹ́ Obesandjo, tó jọ ti ààrẹ Nàìjíríà àtijọ́ kan, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, jọjú. Dora Akunyili, mínísítà ìròyìn, ní kí wọ́n dáwọ́ fífi fíìmù náà hàn dúró, ó sì ní kí iléeṣẹ́ Sony tọrọ àforíjì. Ariwo náà jẹ́ kí àwọn tí kò gbọ́ nípa fíìmù náà lọ wá àwo rẹ̀ rà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú Gone with the Wind ti 1939 kúrò lórí HBO Max ní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n sì dá a padà láàárín oṣù náà pẹ̀lú àlàyé ọ̀jọ̀gbọ́n Jacqueline Stewart níwájú rẹ̀. Disney fi ìkìlọ̀ sí iwájú Dumbo àti Peter Pan. Song of the South, wọ́n tì í mọ́lé. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti àlàyé ló bọ́gbọ́n mu jù, nítorí òun nìkan ló fi àyè sílẹ̀ fún Hattie McDaniel, obìnrin dúdú tó gba Oscar nínú Gone with the Wind, láti ṣì wà lójú.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ Yorùbá yàtọ̀ sí tiwọn. Sanders of the River wà nínú àpótí àwo tí iléeṣẹ́ Criterion fi bọlá fún Robeson ní 2007, wọ́n ti fọ àwòrán àti ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mister Johnson náà ti rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Àwọn fíìmù iléeṣẹ́ Sellers wà nípamọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ ti to wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣe é wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ wo Ayé tàbí Jáyésinmi, ẹ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí ló sábà máa ń rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Shaihu Umar, fíìmù Haúsá ti 1976, fi hàn pé nǹkan lè yàtọ̀: inú yàrá ìpamọ́ ìjọba ní Jos ni wọ́n ti rí i, wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Berlin, wọ́n sì fi í hàn níbẹ̀ ní 2018. Ní ti eré tí Olúṣọlá ṣe ní WNTV, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ láìgbà á sílẹ̀. NTA tún The Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ ní 2021 pẹ̀lú òṣèré tuntun àti ìtàn tuntun.